Ẹ má fi wáàtì nìkan yan áńpù béèsì

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Mo ka lẹ́tà arákùnrin tó ní òun ń wá áńpù, ẹ̀rọ tó ń sọ ohùn gìtá di ńlá, tí òun máa rà fún gìtá béèsì òun. Mo sì ka èsì tí ẹnì kan fún un lẹ́yìn náà, pé kó ṣáà ra èyí tí wáàtì rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n agbára rẹ̀, bá pọ̀ jù lọ tí owó rẹ̀ bá ká. Èsì yẹn ni mo fẹ́ fèsì sí. Ìmọ̀ràn yẹn gan-an ni wọ́n fún èmi náà lọ́dún mẹ́rìnlélógún sẹ́yìn. Mo gbọ́ràn, ẹ̀yìn mi ló sì ń jìyà rẹ̀ dòní.

Gìtá béèsì ni mò ń ta. Obìnrin ni mí, n kò ga, n kò sì sanra. Áńpù tí mo kọ́kọ́ fi owó ara mi rà, orí rẹ̀ wà lọ́tọ̀, àpótí sípíkà rẹ̀ wà lọ́tọ̀. Orí náà jẹ́ onígílóòbù, irú èyí tí inú rẹ̀ máa ń pọ́n yòò bí ẹyin iná. Àpótí ní tirẹ̀ gba sípíkà mẹ́jọ, oní-íǹṣì mẹ́wàá mẹ́wàá, ó ga dé àyà mi, ó sì wúwo ju 60 kílò lọ. Èmi alára kò tó bẹ́ẹ̀ nígbà náà.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, èmi àti onídírọ́ọ̀mù wa ń gbé e gun àtẹ̀gùn. Òun wà lókè, èmi wà nísàlẹ̀. Bí a ṣe dé ibi tí àtẹ̀gùn ti ṣẹ́rí, igun àpótí há mọ́ ògiri. Ó ní, "Ẹ tì í díẹ̀ sí i." Mo fi èjìká tì í. Nǹkan kan dún pọ́ nísàlẹ̀ ẹ̀yìn mi, bí ìgbà tí ènìyàn ṣẹ́ igi gbígbẹ. N kò lè lọ síwájú, n kò lè padà, bẹ́ẹ̀ ni n kò lè jọ̀wọ́ àpótí, nítorí pé orí mi ni yóò wó lé. Nígbà tí wọ́n rí ẹlòmíràn tó wá gba ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ mi, lórí àga ni mo jókòó ta gìtá lálẹ́ ọjọ́ náà, èmi tí n kì í jókòó lórí ìtàgé.

Kí n má parọ́ mọ́ àpótí yẹn ṣá o. Ó dùn. Bí mo bá ti fọwọ́ kan okùn ìsàlẹ̀ pátápátá, àtẹ́lẹsẹ̀ mi á ti mọ̀ ọ́n lára pátákó kí etí mi tó gbọ́ ọ. Ìka kọ̀ọ̀kan ń jáde ketekete. Gbogbo ìgbà yẹn, ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé wáàtì ló ń ṣe é. Ọ̀ọ́dúnrún wáàtì! Mo máa ń dárúkọ rẹ̀ bí ẹni ń ki oríkì.

Dókítà ní bí mo bá tún gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀, kí n má wá sọ́dọ̀ òun mọ́. Bí mo ṣe lọ ra kọ́ńbò nìyẹn, irú èyí tí orí áńpù àti sípíkà jọ wà nínú àpótí kan. Sípíkà kan ṣoṣo ló ní, oní-íǹṣì 12. Kílò 15 ni gbogbo rẹ̀, ọwọ́ kan ni mo fi ń gbé e. Wọ́n sì kọ ọ́ sí i níwájú gàdàgbà pé 500 wáàtì. Mo ní ṣé ẹ rí i, kékeré yìí tilẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ.

Àṣé mi ò tíì mọ nǹkan kan. Lálẹ́ àkọ́kọ́ tí mo gbé e jáde, mo gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi, mo fi ẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri. A bẹ̀rẹ̀ orin. Hùùùù nìkan ni mò ń gbọ́. N kò mọ ohùn tí mo tẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí mo fẹ́ tẹ̀. Mo yí i sókè. Hùùùù náà pọ̀ sí i. Mo tún yí i sókè. Akọrin wa bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀yìn wò mí. Nígbà tí orin parí, ọkùnrin tó wà nídìí míkísà, ẹ̀rọ tó ń pa ohùn gbogbo wa pọ̀, rìn wá bá mi, ó rọra sọ ọ́ sí mi létí: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, béèsì yín ti gba gbogbo ilé o, n kò sì tíì ṣí i rárá láti ọ̀dọ̀ mi."

Báwo ni gbogbo ilé yóò ṣe gbọ́ mi, tí èmi tí mo dúró ti áńpù kò ní gbọ́ ara mi? Onídírọ́ọ̀mù wa ló dá a lóhùn láìsọ̀rọ̀. Ó fa àga kan wá, ó gbé kọ́ńbò náà kúrò lára ògiri, ó gbé e ka orí àga, ó sì yí ojú rẹ̀ sí mi. Wéré báyìí, ìka mi padà wá bá mi. Mo yí ohùn sílẹ̀ dé ìdajì ibi tó wà tẹ́lẹ̀, mo sì ń gbọ́ ara mi ju ti ìṣáájú lọ.

Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ kò le. Ìgbì ohùn okùn E ìsàlẹ̀, èyí tó nípọn jù lára béèsì olókùn mẹ́rin, gùn ju mítà mẹ́jọ lọ. Ohùn tó gùn tó bẹ́ẹ̀ kò ní iwájú, kò ní ẹ̀yìn. Ńṣe ló ń tàn káàkiri ilé, ilẹ̀ àti ògiri tó bá sì fara tì á tún ń kún un lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ohùn àárín àti ti òkè, tí wọ́n ń sọ fún wa pé ìka báyìí ló tẹ okùn báyìí, ọ̀nà tààrà ni wọ́n ń tọ̀ bí iná tọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó bá gbé áńpù kékeré sílẹ̀ẹ́lẹ̀, orúnkún rẹ̀ ló ń tan tọ́ọ̀ṣì sí. Orúnkún kò sì ní etí. Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé ohun tí mo fẹ́ràn lára àpótí ńlá ọjọ́sí kì í ṣe wáàtì: àwọn sípíkà òkè rẹ̀ súnmọ́ etí mi ni, wọ́n sì pọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá bá wáàtì fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bí ènìyàn bá sọ wáàtì di ìlọ́po méjì, decibel (ohun tí a fi ń wọn bí ohùn ṣe ké tó) mẹ́ta péré ni ohùn fi lé sí i. Etí á mọ̀ pé nǹkan lé, kò sì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí etí tó sọ pé ohùn yìí tó ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀, wáàtì gbọ́dọ̀ di ìlọ́po mẹ́wàá tàbí kó súnmọ́ ọn. Nítorí náà, ẹni tó kúrò lórí 300 bọ́ sórí 500 kò tíì rìn jìnnà. Ohun tó yẹ kéèyàn máa béèrè ni iye decibel tí sípíkà ń mú jáde bí wọ́n bá fún un ní wáàtì kan ṣoṣo, kí wọ́n wọ̀n ọ́n ní mítà kan sí i. Wọ́n máa ń kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í sí níwájú àpótí, nítorí kò dùn ún fi yangàn. Sípíkà tó bá mú 100 jáde, 50 wáàtì yóò mú un ké tó èyí tó ń mú 94 jáde tí wọ́n fún ní 200 wáàtì. Ìlọ́po mẹ́rin wáàtì, ohùn kan náà!

Ẹ̀tàn kan tún wà nínú 500 tí wọ́n kọ síwájú tèmi. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìgbà tí áńpù bá rí 4 óòmù ni. Óòmù ni bí sípíkà ṣe ń dènà iná tó. Sípíkà inú kọ́ńbò mi jẹ́ 8 óòmù, nítorí náà 500 yẹn kò tíì dé ọ̀dọ̀ mi láti ọjọ́ tí mo ti rà á. Ó di ìgbà tí mo bá fi àpótí kejì, tí òun náà jẹ́ 8, kún un, kí méjèèjì tó di 4. Wọ́n sì kọ ọ́ sẹ́yìn áńpù náà pé kò gbọdọ̀ lọ sísàlẹ̀ 4. Èmi kò ka ẹ̀yìn. Mo yá àpótí 4 óòmù lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi, mo so ó mọ́ 8 tèmi, gbogbo rẹ̀ wá já sí nǹkan tí kò pé 3. Orin kejì ni a wà tí áńpù fi pa ẹnu mọ́ lójijì, ó gbóná bí ara ẹni tí ibà ń ṣe. Ọpẹ́ ni pé ó mọ bí a ṣe ń gba ara ẹni là, ó kàn pa ara rẹ̀ ni. Òmíràn á jóná. Mo ti fọwọ́ ara mi ṣe é, n kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. (Wáyà tí a fi ń so gìtá mọ́ áńpù kì í sì í ṣe ti sípíkà o, bí ẹnu wọn tilẹ̀ jọra. Ti gìtá tẹ́ẹ́rẹ́ nínú, kò lè ru iná sípíkà.)

Ibo tilẹ̀ ni ìfẹ́ wáàtì yìí ti wá? Ó ní ìtàn. Lọ́dún 1951 ni gìtá béèsì Precision ti Leo Fender, ọ̀gá tó ń ṣe gìtá ní Amẹ́ríkà, jáde, ọdún tó tẹ̀ lé e ni Bassman rẹ̀ dé, áńpù onísípíkà kan ṣoṣo, íǹṣì 15. Ilé iṣẹ́ Ampeg, tí òun náà ń ṣe áńpù, gbé B-15 tirẹ̀ jáde lọ́dún 1960. Wáàtì mélòó? 25. Ọgbọ́n gbígbé wà lára rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: bí ẹ bá fẹ́ gbé e lọ, ẹ ó yí orí rẹ̀ dojú kọ inú àpótí, ẹ ó sì dè é pa. James Jamerson, tó ta béèsì sínú àwo orin ilé iṣẹ́ Motown ní Detroit láìmọye, lo B-15. Nígbà tó fi máa di 1969, àwọn ẹgbẹ́ olórin ti ń ṣeré fún èrò tó kún pápá ìṣeré, ẹ̀rọ iwájú ìgbà náà kò sì sábà lè bá béèsì gbé ohùn rẹ̀ dé ẹ̀yìn. Ni Ampeg bá ṣe SVT, gílóòbù mẹ́rìnlá, 300 wáàtì, àti àpótí onísípíkà mẹ́jọ. Bàbá àpótí tó ṣẹ́ mi lẹ́yìn nìyẹn. Iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe é tóbi lóòótọ́. Àmọ́ lóde òní, ojú ihò kan wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ áńpù béèsì tí wọ́n ń pè ní DI, tó ń gbé ohùn lọ tààrà sórí míkísà, àwọn sípíkà ńlá iwájú ni yóò sì gbé e fún èrò. Áńpù tó wà lẹ́yìn mi kò ní gbèsè èrò lọ́rùn mọ́. Èmi, onídírọ́ọ̀mù àti akọrin ló ń ṣiṣẹ́ fún. Kí arákùnrin yẹn rí i dájú pé tirẹ̀ ní DI, kó sì ní bọ́tìnnì tó ń jẹ́ kí ohùn tó ń lọ sórí míkísà kúrò lábẹ́ ìyíkúyìí tí a bá ń yí ohùn tiwa. Bí kò bá ní i, gbogbo ìgbà tó bá yí nǹkan, oní míkísà á máa wò ó bí ọ̀tá.

Ti kedere ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀, nítorí òun ló máa ń rú àwọn ọ̀dọ́ lójú jù. Okùn E béèsì olókùn mẹ́rin ń gbọ̀n bí ìgbà 41 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọmọ mi obìnrin ń ta olókùn márùn-ún; B ìsàlẹ̀ tirẹ̀ ń gbọ̀n bí ìgbà 31. Ọ̀pọ̀ áńpù kéékèèké ni kò lè gbé 41 yìí jáde bó ṣe yẹ, kí a má tilẹ̀ sọ 31. Síbẹ̀ a ń gbọ́ E. Ìdí rẹ̀ ni pé okùn kì í dá ohùn kan ṣoṣo dún. Bó ṣe ń dún 41 náà ló ń dún 82, tó ń dún 123, tó ń gòkè bẹ́ẹ̀. Bí etí bá ti gbọ́ àwọn àbúrò, ọpọlọ á dárúkọ ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀. Nítorí náà, áńpù kékeré tí àwọn àbúrò yìí bá jáde dáadáa nínú rẹ̀ yóò kọrin ju èyí tó ń mi ilẹ̀ tìtì tí ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tó ń wí. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ.

Bí ohùn bá rú, ọ̀pọ̀ wa á yí ohùn ìsàlẹ̀ sókè, a ní béèsì la ń ta. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ibi tí ohùn ti máa ń rú jù ni agbègbè 200 sí 300 Hz (Hz ni iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan). Ẹ dín in kù díẹ̀, ẹ fi díẹ̀ kún agbègbè 500 sí 800, ẹ ó gbọ́ bí ìka ṣe ń tẹ̀ lé ìka. Ohùn náà lè má dùn tó bí ẹ bá ń dá ta á nínú yàrá. Ó lè dà bíi pé imú ló ti ń jáde. Ẹ fara dà á. Bí dírọ́ọ̀mù, kíbọ́ọ̀dù àti gìtá yòókù bá dé, ààyè yẹn ló máa ṣẹ́ kù fún yín. Yíyí ohùn nínú yàrá tún ní ẹ̀tàn tirẹ̀: bí ohùn bá kéré, etí ènìyàn kì í gbọ́ ti ìsàlẹ̀ dáadáa. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ méjì, Fletcher àti Munson, ti wọn èyí, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 1933. A ó fi ohùn ìsàlẹ̀ kún un nílé títí yóò fi dùn, a ó gbé e dé orí ìtàgé, a ó yí i sókè, ilé á máa hó gbùùgbùù.

Wọ́n á tún sọ fún un pé sípíkà oní-íǹṣì 15 ló ń rinlẹ̀, oní-10 ló ń mọ́ gaara. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, àmọ́ àpótí ló ni ọ̀rọ̀ náà jù. Àpótí tó dí pa, ohùn rẹ̀ máa ń le, ó máa ń yára dákẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ti ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń dín kù wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Èyí tí wọ́n dáhò sí lára yóò sọ̀ kalẹ̀ jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n tó bá dé ibi tí agbára rẹ̀ mọ, wìì ni yóò já bọ́. Mo ti gbọ́ oní-10 méjì tó rinlẹ̀ ju oní-15 lọ. Anton Hofmann, ẹni tí lẹ́tà H nínú orúkọ KLH, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe sípíkà, dúró fún, ti ṣe òfin kan fún gbogbo àwa tó ń lá àlá: àpótí kékeré, ohùn ìsàlẹ̀ tó jinlẹ̀, àti kíké tó pọ̀ láìgba wáàtì púpọ̀, méjì ni ẹ lè mú nínú mẹ́ta. Àwọn tó ń ṣe áńpù kékeré òde òní mú kékeré àti ìjinlẹ̀, wọ́n wá ń fi wáàtì tó pọ̀ san owó ìkẹta. Ohun tí 500 náà wà fún gan-an nìyẹn.

Wọ́n sì lè ṣe é nítorí pé wáàtì kò wúwo mọ́. Láyé àtijọ́, irin ńlá tó ń yí iná padà nínú áńpù nìkan lè ṣẹ́ ni lọ́wọ́. Àwọn áńpù tí wọ́n ń pè ní class D ń tan iná tí wọ́n sì ń pa á lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, wọn kì í sun púpọ̀ nínú rẹ̀ dànù bí ooru, nítorí náà wọn kò nílò irin ńláńlá tó ń fa ooru kúrò. Orí áńpù 500 wáàtì tí kò tó kílò mẹ́ta pọ̀ lóde báyìí. Inú àpò gìtá ló ń wọ̀. Lára sípíkà náà, òòfà neodymium kékeré ń ṣe iṣẹ́ òòfà ńlá tó wúwo. Àtúnṣe irú áńpù bẹ́ẹ̀ nira bó bá bàjẹ́, n kò ní pa ìyẹn mọ́. Ohùn gílóòbù sì ń wù mí di báyìí, bó ṣe máa ń fún ohùn pọ̀ tó sì ń ha díẹ̀ bí mo bá tẹ okùn líle. Àwọn tuntun ní bọ́tìnnì tó ń ṣe bíi tirẹ̀. Ó jọ ọ́. Kì í ṣe òun.

Bí arákùnrin náà bá ń lọ rà á, kó gbé gìtá tirẹ̀ lọ, kó má lo ti ọlọ́jà. Kó fi gbogbo bọ́tìnnì sí àárín. Kó gbé áńpù sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kó ta á, kó tún gbé e lé nǹkan tó ga dé ìbàdí kó ta á. Kó tẹ E, kó tẹ G tó wà ní ojú kẹta rẹ̀, kó gbọ́ bóyá ọ̀kan ń ké bo èkejì. Kó ní kí ẹlòmíràn bá òun ta á, kí òun fẹsẹ̀ mẹ́wàá sẹ́yìn láti gbọ́ ọ, nítorí ìtòsí kì í sọ òótọ́ nípa béèsì. Lẹ́yìn náà, kó gbé e lọ́wọ́ kan, kó rìn yí ilé ká lẹ́ẹ̀mejì, kó sì gun àtẹ̀gùn bí ó bá wà níbẹ̀.

Ti àpótí ńlá ọjọ́sí, ó ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Ẹnikẹ́ni kò rà á, kò sì sí ẹni tó fẹ́ bá mi gbé e sọ̀ kalẹ̀. Orí rẹ̀ ni mo gbé kọ́ńbò kékeré kà nígbà tí mo bá ń dánra wò. Gíga rẹ̀ bá etí mi mu gẹ́lẹ́.

Èmi ni tiyín,
Oníbéèsì tí ẹ̀yìn ń ro